Ìdérí Àpótí Tó Di Ìtẹ́ Àánú

Ẹnu ti mọ́ wa láti máa pe "ìtẹ́ àánú" nínú àdúrà débi pé àga ọba ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àga rárá. Ìdérí àpótí májẹ̀mú ni.

Ẹ́kísódù orí 25 ló ti bẹ̀rẹ̀: ògidì wúrà, ìgbọ̀nwọ́ méjì àbọ̀ ní gígùn, kérúbù méjì lórí rẹ̀ tí wọ́n kọjú síra wọn, tí wọ́n na ìyẹ́ bò ó. Kapporet ni Hébérù ń pè é, orúkọ tó bá ọ̀rọ̀ ètùtù tan. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni wàláà òkúta tí a kọ Òfin sí wà.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje lọ́dọọdún, olórí àlùfáà á dá wọ ibi mímọ́ jùlọ, á da tùràrí sórí ẹyín iná kí èéfín lè bo ìdérí náà, kí òun má bàa kú. Á wá ti ìka bọ ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù, á wọ́n ọn sára rẹ̀, á tún wọ́n ọn síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Ẹ̀jẹ̀ lókè, Òfin tí wọ́n rú nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kó wàláà náà dànù kí àánú tó ráyè. Àwọn ará Bẹti-Ṣemeṣi, ìlú kan ní Ísírẹ́lì, tó yọjú wo inú àpótí, ikú ni wọ́n bá pàdé. Lójú tèmi, kò sí ibòmíràn tí iṣẹ́ ìdérí yẹn ti hàn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Pompey, ọ̀gágun ará Róòmù, wọ ibi mímọ́ jùlọ nínú tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù lọ́dún 63 ṣáájú Kristi, kò bá àpótí kankan níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹnikẹ́ni láyé ìgbà náà kò fojú rí ni Pọ́ọ̀lù fi wé Jésù nínú Róòmù 3:25. Hilasterion ló kọ, ọ̀rọ̀ kan náà tí Bíbélì lédè Gíríìkì fi ń pe ìdérí náà. Bíbélì Yorùbá pè é ní "ètùtù" níbẹ̀, ó pè é ní "ìtẹ́ àánú" nínú Hébérù 9:5, ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò fi mọ̀ pé ọ̀kan náà ni.

Níbo wá ni àga ti wọlé? Kò sí nínú èdè Hébérù, kò sí nínú Gíríìkì, Látìnì pàápàá kò ní in. Luther, tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Jámánì, ló pè é ní Gnadenstuhl, àga oore-ọ̀fẹ́. Tyndale, olùtumọ̀ Bíbélì, mú un wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bíbélì King James ti 1611 sì dì í mú. Ká má purọ́ mọ́ Luther, Sáàmù 99 ti sọ pé Olúwa jókòó láàárín àwọn kérúbù.