Ilé ìṣọ́ àgbàṣe ni, kì í ṣe ilé ìṣọ́ àdáni

Ọ̀rọ̀ kan ti ń ràn láàárín àwa tá à ń kọ nípa bàálù lédè Yorùbá, ó sì yẹ ká tètè dá a dúró: “ilé ìṣọ́ àdáni”. Òun ni wọ́n fi ń pe àwọn ilé ìṣọ́ pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà (níbi tí wọ́n ti ń darí bàálù tó ń gbéra àti èyí tó ń balẹ̀) tí ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ inú wọn fún ilé-iṣẹ́ oníṣòwò. Àwọn mìíràn kúkú ń kọ “kọ́ńtíráàtì táwà”. Èyí kò yé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n “àdáni” ló burú jù, torí pé irọ́ ló ń pa fún òǹkàwé.

Gbogbo wa la mọ ilé-ìwé àdáni. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ló ra ilẹ̀, òun ló gba olùkọ́, òun ló dá iye owó ilé-ìwé, bó bá sì wù ú lọ́la kó tì í pa, yóò tì í. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó bá ilé ìṣọ́ tá à ń sọ mu. Ojú òfurufú tó yí i ká, ti ìjọba ni. Ilé fúnra rẹ̀, ti ìlú tàbí ti alákòóso pápákọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwé ẹ̀rí tí olùdarí bàálù fi ń jókòó síbẹ̀, FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, ló fún un. Ìwé òfin tó ń tẹ̀ lé, JO 7110.65, òun kan náà ni olùdarí tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ń tẹ̀ lé. Bí bàálù kékeré méjì tó ní ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan bá ń balẹ̀ tẹ̀ léra lójú ọ̀nà kan náà lọ́sàn-án, 3,000 ẹsẹ̀ bàtà ni àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, ì báà jẹ́ ilé ìṣọ́ ti ìjọba, ì báà jẹ́ ti agbaṣẹ́ṣe. Kí wá ni ẹnikẹ́ni dá ní níbẹ̀?

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ní Ìkẹjà, ibùdó èrò MMA2 wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àdáni, àwọn ènìyàn sì ti sọ ibi tí èrò ti ń wọ bàálù àti ibi tí wọ́n ti ń darí bàálù di nǹkan kan. NAMA, àjọ ìjọba, ló ń darí bàálù tó ń balẹ̀ ní Ìkẹjà.

Ọ̀rọ̀ tó tọ́ wà nílẹ̀ látìgbà ìwáṣẹ̀: àgbàṣe. Ẹ wo oko. Olóko ló ni ilẹ̀, òun ló wọ̀n ọ́n, òun ló sọ pé igba ebè lòun fẹ́ àti bó ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Alágbàṣe gbé ọkọ́ dé, ó kó ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dání, iye tó máa fún wọn kò kan olóko. Bí ebè bá tẹ́ pẹrẹsẹ, olóko á ní kó tún un kọ. Ìrọ̀lẹ́ dé, wọ́n ka ebè, wọ́n sanwó. Iṣu tó bá ta, ti olóko ni. Alágbàṣe kò lè sọ pé àgbàdo ló wu òun láti gbìn síbẹ̀. Ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gba ilẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ló sì sún mọ́ àdáni.

Àwọn kan ní àgbàṣe ń rùn ọkọ́ àti àdá, pé ó rẹ olùdarí bàálù sílẹ̀. N kò gbà. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í ṣe èébú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùdarí wọ̀nyí ló sì ti lo ọdún gbọọrọ lẹ́nu iṣẹ́ ológun tàbí ti FAA kí wọ́n tó débẹ̀. Òfin ní kí olùdarí FAA kúrò nídìí bàálù ní ẹni ọdún 56. Òfin yẹn kò de òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ìdí nìyẹn tí irun funfun fi pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn mìíràn fẹ́ “ilé ìṣọ́ agbaṣẹ́ṣe”. Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó so ilé mọ́ ẹni tó gbaṣẹ́. Bí àdéhùn Serco, Midwest tàbí RVA, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ yìí, bá parí tí òmíràn gbà á, ilé kò kúrò níbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó wà lórí àga náà kò sì ní kúrò. Orúkọ ẹni tó ń san owó oṣù wọn ló yí padà. Irú iṣẹ́ náà ló yẹ ká fi pè é, kì í ṣe ẹni tó gbà á lọ́dún yìí.

Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹjọ 1981 ni àwọn olùdarí Amẹ́ríkà da iṣẹ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ 5 Ààrẹ Reagan lé àwọn tó lé ní 11,000 kúrò. Ènìyàn kò tó mọ́, wọ́n sì ti àwọn ilé ìṣọ́ kéékèèké. Ní 1982 wọ́n fi márùn-ún ṣe àgbàṣe láti dán an wò. Lónìí wọ́n lé ní 260, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ilé ìṣọ́ tí FAA ń náwó sí.

Níbi owó àti iye ènìyàn ni ìyàtọ̀ gidi wà. Àyẹ̀wò tí ọ́fíìsì olùyẹ̀wò àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìrìnnà gbé jáde ní 2012 fi hàn pé ìnáwó ilé ìṣọ́ àgbàṣe kan fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 dọ́là dín sí ti ìjọba tó jọ ọ́ lọ́dún. Olùdarí mẹ́fà ló sábà máa ń wà níbẹ̀, níbi tí ti ìjọba ti ní bíi 16. Àṣìṣe tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àgbàṣe tún kéré sí ti ìjọba. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ènìyàn mẹ́fà túmọ̀ sí bí ilé náà bá ń ṣí láti àárọ̀ di alẹ́ lójoojúmọ́ ọ̀sẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan yóò máa di ipò méjì mú: bàálù tó ń rìn nílẹ̀ àti èyí tó wà lókè. Ojú ló fi ń ríran jù, pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn àti ohun tí awakọ̀ bá sọ lórí rédíò. Bí rédíò awakọ̀ bá kú, olùdarí á na àtùpà aláwọ̀ sí i láti ojú gíláàsì. Àwọ̀ ewé tí kò ṣẹ́jú ní kó balẹ̀, pupa tí kò ṣẹ́jú ní kó yà fún ẹlòmíràn kó máa yípo, pupa tó ń ṣẹ́jú ní pápá kò dára, kó má balẹ̀. Gbogbo ìyẹn, ẹnì kan ṣoṣo, bí àwọn awakọ̀ yòókù ti ń pè é létí.

Bó ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn. Ní Brown Field, San Diego, lọ́jọ́ 16 oṣù kẹjọ 2015, olùdarí ilé ìṣọ́ àgbàṣe kan di ipò méjèèjì mú pọ̀ nígbà tí bàálù pọ̀ lójú òfurufú. Ó ṣi bàálù Cessna kan mú fún òmíràn, àṣẹ tó yẹ kí ọ̀kan gbọ́ bọ́ sí etí èkejì, bàálù Sabreliner kan sì gbá Cessna 172. Ènìyàn márùn-ún kú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré sọ pé àgbàṣe ló fà á. Ní Lexington, Kentucky, lọ́jọ́ 27 oṣù kẹjọ 2006, ilé ìṣọ́ ìjọba ni, àṣẹ FAA sì ni pé kí ènìyàn méjì wà níbẹ̀. Ẹnì kan ló wà. Ó ti yíjú sí ìṣirò tó fẹ́ ṣe nígbà tí awakọ̀ bàálù Comair 5191 tó fẹ́ gbéra gba ojú ọ̀nà 26 tó gùn ní 3,500 ẹsẹ̀ bàtà dípò 22 tó gùn tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Awakọ̀ ló jẹ̀bi, ènìyàn 49 ló kú, kò sì sí ojú kejì nínú ilé ìṣọ́ tí ì bá rí i. Iye ènìyàn tó wà lórí àga ni kí ẹ máa bèèrè kí ẹ tó bèèrè ẹni tó ń sanwó fún wọn.

Ilé ìṣọ́ tí pápákọ̀ ń fi owó ara rẹ̀ sanwó fún láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ FAA náà wà. Wọn kò pọ̀, n kò ní fi wọ́n fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ di “àdáni” mú, kó ṣàlàyé ọdún 2013 fún wa. Owó ìjọba àpapọ̀ dín kù lóṣù kẹta, FAA sì kéde pé òun máa ti ilé ìṣọ́ àgbàṣe 149. Báwo ni ìnáwó ìjọba ṣe lè ti ohun àdáni? Olóko ni kò rówó san mọ́, ni alágbàṣe bá fẹ́ gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ 1 oṣù karùn-ún, wọ́n fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí FAA lè mú owó tó tó mílíọ̀nù 253 dọ́là wá láti ibòmíràn, àwọn olùdarí sì wà lórí àga wọn.