Òkun wà níwájú, òkè wà lẹ́yìn: ibo ni iná gbà wọlé?

Fídíò iná tó jó ní Kòríà Gúúsù nígbà ìrúwé, lóṣù kẹta ọdún 2025, ṣì ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn ní Ṣábẹ̀ àti Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin. Iná ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ ní Uiseong, láàárín òkè, ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Nígbà tó fi di ọjọ́ 25, ó ti dé Yeongdeok létí òkun. Èèyàn tó lé ní 25 ló bá a lọ. Ní oṣù kìíní ọdún kan náà, ilé àti ilé ìtajà tó lé ní 16,000 ti jóná ní agbègbè Los Angeles ní Amẹ́ríkà, etíkun bákan náà. Ohun tí kò yé àwọn èèyàn ni pé ìlú tó kọjú sí òkun, tí òtútù ò tíì kúrò níbẹ̀, báwo ló ṣe jó bíi pápá oṣù kejì? Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí jọ, ìdáhùn mi rèé.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìgbà ìrúwé?

Àkókò tí òtútù ń lọ, tí igi ń rúwé tuntun: oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ní ìhà àríwá ayé. Kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Bí igi bá ń rúwé, tí òtútù sì wà, kí ni iná rí jẹ?

Ewé èṣín ni. Lórí àwọn òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà, ewé ti wọ́ tán kí òtútù tó mú. Nígbà tí oṣù kẹta bá dé, igi ṣì wà níhòòhò, oòrùn sì ń là á kọjá dé ilẹ̀ tí àwọn ewé gbígbẹ yẹn tẹ́ sí. Ìgbà tí ewé tuntun bá tó ṣíji bo ilẹ̀ ni ewu ń rọlẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí òtútù tàn yín jẹ. Ẹni tó bá ti jí lówùúrọ̀ ọyẹ́ ní Ṣábẹ̀ mọ̀ pé òtútù lè mú kí ètè sì máa là, kí aṣọ tí a sá sì gbẹ kí a tó jẹun tán. Gbígbẹ ni iná ń wá. Ìdí nìyí tí òfin ìpínlẹ̀ Virginia fi sọ pé láti ọjọ́ 15 oṣù kejì sí ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, èèyàn ò gbọdọ̀ sun nǹkan níta nítòsí igbó kí aago mẹ́rin ọ̀sán tó lù. Láti àkókò yẹn lọ ni atẹ́gùn ń rọ̀, tí ọ̀rinrin sì ń padà sínú afẹ́fẹ́.

Òkun ló wà níwájú wọn yẹn. Ṣé wọn ò lè bu omi ni?

Wọ́n bù ú. Ní Los Angeles, àwọn ọkọ̀ òfuurufú kan wà tó ń fi ikùn gbá omi òkun tí wọ́n sì ń lọ dà á sórí iná. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kìíní tí iná náà bẹ̀rẹ̀, ìjì le débi pé ọkọ̀ òfuurufú ò lè fò. Nílẹ̀, wọ́n ń fa omi ju bí àwọn táǹkì orí òkè ṣe ń kún lọ, ẹ̀rọ omi tó wà fún àwọn panápaná sì gbẹ ní apá kan ìlú. Ní Kòríà, hẹlikọ́pítà kan já lulẹ̀ ní Uiseong ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta, awakọ̀ rẹ̀ sì kú lẹ́nu iṣẹ́. Omi iyọ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀: ó ń jẹ irin, ó sì ń ba ilẹ̀ jẹ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Bó bá ti orí òkun wá, ó gbé ọ̀rinrin dání. Bó bá ti orí ilẹ̀ wá tó ń lọ sí òkun, ará etíkun ò ní jàǹfààní kankan lára omi tó wà níwájú rẹ̀.

Báwo ni atẹ́gùn ṣe ń gbẹ nítorí pé ó gba orí òkè kọjá?

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, torí ẹni tí èyí bá yé, gbogbo ìyókù á yé e.

Afẹ́fẹ́ tó ń gun òkè ń tutù bó ṣe ń lọ. Omi inú rẹ̀ á di ìkùukùu, á sì rọ̀ sí ìhà ibi tó gbà gùn ún. Nígbà tó bá rékọjá góńgó òkè tó ń sọ̀kalẹ̀ lódìkejì, ó ti fi púpọ̀ nínú omi rẹ̀ sẹ́yìn. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohun tí a bá sì fún pọ̀ báyẹn a máa gbóná. Ẹni tó ti fún táyà kẹ̀kẹ́ rí á ti fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù, á mọ̀ pé ó gbóná. Ní mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá sọ̀kalẹ̀, ooru rẹ̀ ń lékún ní nǹkan bíi 10°C. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí kò lómi nínú, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Ara koríko, ewé àti pákó ilé ló ti ń mu omi. Bó bá tún há sáàárín òkè méjì, eré rẹ̀ á pọ̀ sí i.

Ní Kòríà, òkè Taebaek na gbọọrọ lẹ́bàá etíkun ìlà-oòrùn. Nígbà ìrúwé, atẹ́gùn ń ti ìwọ̀-oòrùn wá, ó ń gun òkè yìí, ó sì ń já bọ́ sí etíkun. Àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n fi orúkọ ìlú méjì, Yangyang àti Ganseong, sọ ọ́ lórúkọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, iná tí atẹ́gùn ń gbé kiri jó Naksansa, tẹ́ńpìlì àtayébáyé tó wà létí òkun gan-an. Agogo idẹ ńlá ibẹ̀ yọ́. Ti Los Angeles, orí aṣálẹ̀ gíga ló ti ń ṣàn wá sí òkun, Santa Ana ni wọ́n ń pè é.

Àwọn àgbà ní bí iná bá jó oko, màjàlà á ṣòfófó. Nínú irú atẹ́gùn yìí, màjàlà tó ń fò ṣì ní ẹyin iná nínú. Á fo títì, á fo odò, á bà sórí òrùlé tàbí sínú koríko, iná tuntun á sì ti ràn níwájú àwọn tó ń pa ti ẹ̀yìn. Ẹ wá rí i pé odò lásán ò lè dá a dúró.

Ṣé òótọ́ ni pé ìdí ibojì ni iná Uiseong ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹnì kan tó ń tún ibojì ẹbí rẹ̀ ṣe ni wọ́n fura sí.

Kí làwọn panápaná ń wò kí wọ́n tó wọ irú ibẹ̀?

Ọ̀rinrin, atẹ́gùn, àti bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ sí. Láti mọ ọ̀rinrin, wọ́n ní tẹmomítà méjì tí wọ́n so pọ̀, wọ́n fi aṣọ tútù wé ọ̀kan, wọ́n á sì máa fì í yípo nínú atẹ́gùn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi ara aṣọ á tètè fò lọ, tẹmomítà yẹn á tutù ju èkejì lọ dáadáa. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ṣe pọ̀ tó ni afẹ́fẹ́ gbẹ tó. Wọ́n ń ṣe èyí léraléra jálẹ̀ ọjọ́, torí koríko tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbẹ láàárín wákàtí kan péré.

Ní ti òkè, iná ń sáré gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ, torí ọwọ́ iná ń na koríko iwájú kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi ìwọ̀n dígírì 10 dagẹ̀rẹ̀ sí i, eré iná lè di ìlọ́po méjì.

Atẹ́gùn ló ń dẹ́rù bà wọ́n jù, nítorí pé ó ń yí padà. Lọ́sàn-án, ó ń ti òkun bọ̀ wá sórí ilẹ̀, ó sì ń ti àfonífojì gun òkè. Lóru, ó ń padà. Lórí òkè Storm King ní Colorado, ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1994, atẹ́gùn yí lójijì, iná sáré gun òkè lé àwọn panápaná, 14 nínú wọn kú. Irú ikú báyìí ló mú kí wọ́n máa tẹnu mọ́ ọn pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ iná láti ibi gíga, kí gbogbo wọn lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n mọ ọ̀nà tí wọ́n á gbà sá àti ibi tí wọ́n á sá sí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́.

Ṣé iná kì í sùn lóru ni?

Ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, ó ń sùn, torí afẹ́fẹ́ tútù ń ṣàn lọ síbẹ̀, ìrì sì ń sẹ̀. Àárín òkè ni kì í sábà tutù bẹ́ẹ̀, iná lè máa jó níbẹ̀ mọ́júmọ́. Bí oòrùn bá ti wá mú díẹ̀ láàárọ̀, tí afẹ́fẹ́ tútù yẹn gbéra, iná tí wọ́n rò pé ó ti kú ní ìsàlẹ̀ á jí.

Ṣé òkè Ṣábẹ̀ lè ṣe wá báyẹn?

Àwọn àpáta wa ò ga tó láti sọ atẹ́gùn di gbígbóná. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ò nílò òkè. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti gbẹ wá. Koríko tó wà láàárín àpáta sì dagẹ̀rẹ̀ bíi ti wọn. Ẹni tó bá ṣáná sí ìdí òkè lọ́sàn-án oṣù kejì kí ó lè rí ọ̀yà pa, kò ní agbára kankan lórí iná náà mọ́. Oko kájú ẹlòmíràn ló máa ń parí sí, ní àsìkò tí èso wà lórí igi gan-an. Ó máa ń dùn mí, torí igi tó ti pé ọdún mẹ́wàá ò ṣe é gbìn padà lọ́jọ́ kan.

Kí ló wá dé táwọn aṣọ́gbó fi ń dáná sun igbó fúnra wọn?

Nítorí ìgbà tí wọ́n ń sun ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ṣì tutù lábẹ́, iná ń rìn nílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìrì alẹ́ sì ń pa á. Ó ń jó níbì kan, ó ń dá ibòmíràn sí. Nígbà tí oṣù kejì àti ìkẹta bá dé, iná tó bá ṣẹ́ kò ní rí ohun púpọ̀ jó níbẹ̀. Iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa igi. Èyí ò wá túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè mú ìṣáná wọ igbó ìjọba. Ọwọ́ àwọn aṣọ́gbó ni àṣẹ wà.

Àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ńkọ́?

Afẹ́fẹ́ òkun ń dáàbò bò yín lọ́pọ̀ oṣù. Epo bẹntiróòlù inú ìgò ni kí ẹ bẹ̀rù jù: ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi ìkópamọ́ epo fàyàwọ́ gbaná ní Sèmè-Kraké, èèyàn tó lé ní 30 kú. Ní ọjọ́ mélòó kan tí ọyẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ààtàn.

Mo fẹ́ sun oko mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ṣán koríko yí oko ká kí ilẹ̀ ibẹ̀ hàn lásán. Ẹ sọ fún àwọn tí oko wọn múlé gbe yín. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ da eruku díẹ̀ sílẹ̀ láti mọ ibi tí atẹ́gùn kọjú sí. Bí eruku bá fò lọ kíákíá, ẹ padà sílé. Bí ẹ bá sun ún, ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ẹyin iná tó kẹ́yìn á fi kú.

Bí iná bá ká mi mọ́ pápá ńkọ́?

Ẹ má sá gun òkè. Ẹ má sì sá lọ síwájú iná ní ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ yà sí. Ibi tí iná ti jó kọjá, tó ti dúdú, ni ibi ìsádi, bí ọwọ́ iná bá kéré débi tí ẹ fi lè ríbi gbà débẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ sì pe 118, nọ́ńbà àwọn panápaná, lórí fóònù ní kété tí ẹ bá ti ráyè mí.