Ẹ Sọ Fún Wọn Pé Láti Nàìjíríà Lẹ Ti Dé

Ọmọkùnrin kan wọlé sí A&E wa, ìyẹn ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní. Kóòtù méjì ló wọ̀ léra, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n rìrì. Ilé ìwòsàn kún fọ́fọ́ fún àwọn tí òtútù ti mú, wọ́n sì ti kà á mọ́ wọn. Èmi rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé, mo ní, "Àbúrò mi, ìgbà wo lo dé láti ilé?" Ó ní, "Àǹtí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ìbàdàn ni mo ti ṣọdún Kérésì." Kò sẹ́ni tó bi í tẹ́lẹ̀, òun náà ò sì sọ. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ibà ni.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní England, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ láti ilé sì ni mo kọ èyí fún, àti àwọn òbí tó ń bá wọn sanwó. Ní ilé, bí ara bá ti gbóná, ibà lẹnikẹ́ni kọ́kọ́ ń rò. Níbí, ẹ̀yìn ni ibà máa ń wà nínú ohun tí dókítà ń rò, torí ẹ̀fọn ibí kì í gbé e kiri, arìnrìn-àjò ló ń gbé e wọlé. Ní ọdún 2023, iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n gbé e wọ Britain lé ní 2,000, Áfíríkà sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti kó o. Nítorí náà, bí ara yín bá gbóná láàárín ọdún kan tí ẹ dé láti ilé, kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ sọ pé Nàìjíríà lẹ ti dé, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ tí ẹ dé. Ọjọ́ kan náà ló yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò bá rí nǹkan, kò tíì parí. Wọ́n máa ń tún un ṣe títí dé ìgbà mẹ́ta kí wọ́n tó gbà pé kì í ṣe ibà.

Mo mọ̀ pé Coartem, oògùn ibà, wà nínú àpò yín. Ìyá yín ló dì í sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé e mì kí ẹ tó wá. Bí oògùn bá ti pa díẹ̀ lára kòkòrò náà, àyẹ̀wò lè má rí ìyókù, àìsàn yóò sì wà nílẹ̀. Bí ẹ bá sì ti lò ó, ẹ sọ ọ́. Àgbo náà ńkọ́? Ẹ sọ òun náà. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọdún méjì mẹ́ta níbí tí ẹ fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé ibà ti mọ́ yín lára. Ara tí ẹ̀fọn kò jẹ mọ́ ń gbàgbé bó ṣe ń bá ibà jà. Kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ ra oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà múni.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni ti ẹnu wa. Gẹ̀ẹ́sì tí a gbọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ṣàìsàn. Ẹni tó ní "ooru inú" ń da òun, tàbí pé nǹkan ń rìn lórí òun bí èèrà, ìyá mi á mọ ohun tó ń sọ. Dókítà tí kò gbọ́ èdè wa lè rò pé ọpọlọ rẹ̀ ló fẹ́ yí. Ẹ fi ọwọ́ hàn án ibi tó wà. Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ohun tí kò jẹ́ kí ẹ lè ṣe mọ́: mi ò lè gun àtẹ̀gùn, mi ò sùn láti ìjẹta. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì fẹ́ já yín kulẹ̀, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Ọ̀fẹ́ ni.

Wọn yóò bi yín pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora náà. Níbí la ti ń fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Ọmọbìnrin kan tó ní fòníkú-fọ̀ladìde dì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì títí eegun ọwọ́ rẹ̀ fi hàn, ó ní "mẹ́rin." Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé kó mọ́kàn le. Ẹni tó sọ mẹ́rin yóò jókòó dúró, nítorí ẹni tó sọ mẹ́sàn-án wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìlànà tí ilé ìwòsàn England ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹni tí àìsàn yìí kọlù rí oògùn ìrora gbà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó dé. Ẹ lè fẹ̀sọ̀ rán wọn létí. Ẹ̀yin SS, òtútù ibí kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín, àìmu omi náà kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà yín kí ẹ tó kúrò nílé, kó kọ orúkọ oògùn tó máa ń bá yín lára mu sí i.

Ti owó kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. £776 fún ọdún kan ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san fún ìtọ́jú pọ̀ mọ́ owó físà, ẹ ti san án. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Houston tó ní kí ẹ má pe áńbúláǹsì, ti Amẹ́ríkà ló ń sọ. Níbí, wọn kì í gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ní England, £9.90 lẹ ó san lórí oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ dé ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, nígbà tí ara yín le. Wọn ò gbọdọ̀ tìtorí pé ẹ kò ní ìwé tó ń fi àdírẹ́sì hàn lé yín padà. Ẹni tó ń gbé fóònù yóò bi yín pé kí ló ń ṣe yín. Kì í ṣe àṣejù. Òun ló ń pín yín sọ́dọ̀ dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí kẹ́míìsì. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, kẹ́míìsì ní England lè tọ́jú ọ̀fun dídùn àti àwọn nǹkan mélòó kan láìsí pé ẹ rí dókítà. Bí GP bá sì ní kí ẹ lọ lo parasitamọ́ọ̀lù, kí ẹ sinmi, ẹ má bínú. Èmi náà bínú lọ́dún àkọ́kọ́ mi.

111 ni ẹ ó pè bí GP bá ti tì. 999 ni ti pàjáwìrì: bí mímí bá ń nira, bí ẹnì kan bá dákú, tàbí bí ọrùn bá gan, tí orí ń fọ́, tí iná ń gún ojú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí lè jẹ́ yírùnyírùn, ó sì máa ń jà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé pọ̀. Wọ́n á ní kí ẹ tẹ gíláàsì mọ́ ibi tó sú lára, bóyá yóò parẹ́. Lára wa tó dúdú, ó lè má hàn. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, abẹ́ ìpéǹpéjú àti àjà ẹnu. Bí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan, ẹ ṣì pè. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 tó ń wọ yunifásítì fún ìgbà àkọ́kọ́ lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí àìsàn bá mú yín kúrò ní kíláàsì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ̀wé sí ilé ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn tí èsì ìdánwò bá ti jáde. Bí ẹ bá sì fẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró, ẹ kọ́kọ́ rí àwọn tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, torí físà yín so mọ́ ọn.

Ọmọ Ìbàdàn yẹn lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, mo fún un ní ìwé pélébé kan kó fi sẹ́yìn fóònù rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, AA, oògùn tí ara rẹ̀ ò gbà, nọ́ńbà ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, àti ọjọ́ tó dé láti Nàìjíríà. Ó ní òun á máa pa ìlà tó kẹ́yìn rẹ́, òun á máa tún un kọ.