Ta Ló Máa Forí Fá A? Bí a ṣe ń wọn ìpinnu ìparí Mass Effect 3

Láwọn ilé géèmù tó wà káàkiri Òṣogbo, bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń gbá lójú tẹlifíṣọ̀n. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹnì kan ti jẹ, ẹni tí wọ́n nà ti gbé páàdì fún ẹni tó kàn. Mass Effect 3 ò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé lèèyàn ti ń ta á, lóru tí iná bá dúró, ìtàn rẹ̀ sì gùn débi pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti apá kìíní lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí rẹ̀. Tó bá wá dé òpin, géèmù náà á kó ìpinnu mélòó kan síwájú rẹ̀ tí kò sí èyí tó mọ́ pátápátá nínú wọn. Láti ọdún 2012 tí ilé iṣẹ́ BioWare ní Kánádà ti gbé e jáde ni àríyànjiyàn ti wà lórí èyí tó tọ́.

Ìtàn náà lọ báyìí. Àwọn Reaper jẹ́ ẹ̀rọ ńláńlá tó ní làákàyè. Ní gbogbo 50,000 ọdún ni wọ́n máa ń wá kórè gbogbo ìran tó bá ti lajú láàárín àwọn ìràwọ̀. Shepard, ọmọ ogun tí ẹni tó ń ta géèmù ń darí, kó àwọn ìran yìí jọ láti bá wọn jà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó bá Catalyst pàdé, olórí àwọn Reaper, tó gbé àwọ̀ ọmọdé wọ̀. Catalyst ní ẹ̀dá ẹ̀rọ yóò dìtẹ̀ mọ́ ẹni tó dá a ṣáá ni, àti pé torí kí ẹlẹ́mìí má bàa pa rẹ́ lòun ṣe ń kórè.

Ibi tí ìpinnu ti ń wáyé rèé. Shepard ń tiro, ìhámọ́ra rẹ̀ ti jóná, ìbọn ìléwọ́ kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá gba apá ọ̀tún tó sì yìnbọn lu ọ̀pá kan níbẹ̀, iná pupa á sọ, gbogbo Reaper á kú. Ṣùgbọ́n iná yẹn ò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́: gbogbo ẹ̀dá ẹ̀rọ tó ní làákàyè ló ń pa, títí kan EDI, tó jẹ́ ọpọlọ ọkọ̀ Shepard fúnra rẹ̀, àti gbogbo àwọn geth, ìran ẹ̀dá ẹ̀rọ kan tó ní làákàyè. Tó bá gba apá òsì, á fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, ara rẹ̀ á jóná tán, èrò inú rẹ̀ á sì di olùdarí àwọn Reaper. Tó bá bẹ́ sínú ìmọ́lẹ̀ àárín, ẹlẹ́ran ara àti ẹ̀dá ẹ̀rọ á wọnú ara wọn, oníkálukú á sì ní díẹ̀ nínú ohun tí èkejì jẹ́.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣí fún. Géèmù náà máa ń ka agbára ogun tí Shepard ti kó jọ, á wá fi ìwọ̀n ìmúrasílẹ̀ sọ ọ́ di iye tó jẹ́ gan-an. Nínú ti 2012, ìmúrasílẹ̀ yìí ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 50 nínú 100, nítorí náà 6,000 lè di 3,000. Ọ̀nà àárín ò ní ṣí fún ẹni tí iye rẹ̀ ò tó 2,800. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jọjọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa bá níbẹ̀.

Rannoch, ayé tí ìran kan tó ń jẹ́ quarian ti ṣẹ̀ wá, ni ọ̀rọ̀ ti wá ṣẹ́ pẹ́lẹ́. Àwọn quarian ló dá àwọn geth láti máa bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn geth bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá àwọn ní ọkàn, ẹ̀rù ba àwọn tó dá wọn, wọ́n fẹ́ pa wọ́n. Àwọn geth ló borí, àwọn quarian sì di alárìnkiri inú ọkọ̀ fún nǹkan bí 300 ọdún. Bí Shepard bá ti ṣe ohun tó yẹ láti ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn, ó lè parí ìjà yìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìran kan á parẹ́ níṣojú rẹ̀. Níbi tí àlàáfíà bá ti wà, àwọn geth á wọ inú aṣọ ààbò àwọn quarian láti kọ́ ara wọn bó ṣe máa kojú àìsàn, kí wọ́n lè tètè máa mí afẹ́fẹ́ ilé baba wọn láìsí ìbòjú. Ó ṣòro kéèyàn rí èyí tán kó sì lọ yìnbọn lu ọ̀pá pupa yẹn. Irọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Catalyst náà hàn gbangba níbẹ̀, ó sì dunni pé géèmù náà ò fi àyè sílẹ̀ fún Shepard láti fi Rannoch dá a lóhùn.

Òṣùwọ̀n tó wúlò jù ni pé: ta ló máa forí fá a, ṣé wọ́n sì bi í? Ará Òṣogbo mọ irú ìbéèrè yìí nínú ìtàn ìtẹ̀dó wọn. Láròóyè àti Tìmẹ́hìn wá omi kiri láti Ìpólé, igi tí wọ́n gé wó lulẹ̀ sínú odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́, wọ́n ṣí kúrò létí omi, àwọn méjèèjì sì jọ dá májẹ̀mú tí ìlú ṣì ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá gbé èyí lé àwọn ìpinnu Shepard, ọ̀nà àárín tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní aláàánú jù ló kọ́kọ́ mì: ara gbogbo ẹ̀dá yí padà, kò sí ẹni tí wọ́n bi. Ọ̀nà òsì kò pa ọ̀rẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ó fi ọba tí kò ní afọbajẹ, tí kò sì ní kú, jẹ lé gbogbo ayé lórí. Ọ̀nà ọ̀tún fi àwọn tó wá gbèjà wa san gbèsè ogun wa. Kíkọ̀ gbogbo rẹ̀, tí wọ́n fi kún un nígbà tí wọ́n tún ìparí náà ṣe ní oṣù Òkúdù 2012, mọ́ lọ́wọ́ Shepard, ìran tó wà láyé nígbà yẹn ló sì máa kú tán torí ìmọ́tótó ọwọ́ ẹnì kan.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí a lè dá láre jù ni ti òsì, nítorí ẹni tó yàn án ló fi ara rẹ̀ san owó àkọ́kọ́, ayé sì ṣì wà láti bá a jiyàn. Àmọ́ ìdáhùn yìí kò lè dúró fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí àwọn geth ti kú tán fún ní Rannoch ò ní èyí tó kù láti pa, EDI nìkan ni ìpinnu pupa máa ná an. Ẹni tó ti bá wọn ṣe àlàáfíà máa pa odindi ìran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ìdí nìyí tí èèyàn méjì lè jókòó ní Òkè-Fíà, kí wọ́n jiyàn lórí bọ́tìnì kan náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, láìmọ̀ pé òkú tó wà nílẹ̀ nínú ìtàn tẹnì kìíní ò sí nínú tẹnì kejì. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rannoch.