Ohun Tí Tíì Olómílíìkì Ń Ṣe sí Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀

Gbogbo ṣúgà tó ń yí ká nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, kó tó jẹun láàárọ̀, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ. Hóró ṣúgà kan nínú páálí sì tó gíráàmù 4. Ẹni tó bá ju hóró mẹ́rin sínú tíì ti fẹ́ gbé ìlọ́po mẹ́ta ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mì, kó tó kan búrẹ́dì.

Inú ìfun ni ṣúgà yẹn ti ń pín sí oríṣi ṣúgà méjì, glucose àti fructose. Ẹ̀dọ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú fructose. Glucose ló ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Bó ṣe ń gòkè ni pancreas, ẹ̀yà ara tó fara pamọ́ sẹ́yìn ikùn, ń tú insulin jáde kí iṣan àti ẹ̀dọ̀ lè gba glucose náà wọlé. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, insulin lè má tó, ó sì lè tó kí ara kọ etí ikún sí i.

Mílíìkì kọ́ ni ọ̀tá, àmọ́ ó ju oríṣi kan lọ. Èyí tó ń ṣàn nínú agolo, tí wọn kò fi ṣúgà sí, kò ní ju ṣúgà àdánidá wàrà lọ, ọ̀rá àti purotéènì rẹ̀ sì ń mú kí oúnjẹ rọra kúrò nínú ikùn. Èyí tó ki bí oyin, tí àwọn mallam onítíì kan ń lò, ọ̀tọ̀ ni: ṣúgà ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ṣíbí ńlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hóró ṣúgà mẹ́ta. Milo àti Bournvita tí a mọ̀ náà ti ní ṣúgà tiwọn kí ẹnikẹ́ni tó fi kún un.

Búrẹ́dì gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ ọn. Gíráàmù 100 búrẹ́dì funfun ní sítáàṣì tó tó gíráàmù 50, bíi hóró ṣúgà méjìlá, kíá ló sì ń di glucose. Kí èèyàn yọ hóró méjì kúrò nínú tíì, kó wá jẹ ìdajì búrẹ́dì Agége, ìyẹn ò yanjú nǹkan kan. Ó sàn kó kọ́kọ́ jẹ ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín, kí búrẹ́dì díẹ̀ tẹ̀ lé e. Bó bá rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, iṣan ẹsẹ̀ á fa glucose mu láì dúró de insulin.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà ló lè sọ bí ife kan ṣe rí lára ẹnì kan. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, kò yẹ kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kọjá 180 mg/dL (ìyẹn mílígíráàmù ṣúgà nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan) ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, àyàfi bí dókítà bá fún wọn ní iye mìíràn.

Tíì dídùn máa ń di oògùn nígbà mìíràn. Bí ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ẹ̀rọ sì fi hàn pé ṣúgà rẹ̀ kò tó 70, kó mu tíì tí kò gbóná jù, tí hóró mẹ́rin wà nínú rẹ̀, láìsí mílíìkì, torí ọ̀rá mílíìkì á fa ṣúgà náà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kó tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tíì gòkè, kó mu òmíràn. Ẹni tó bá ti dákú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da nǹkan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ.