Òjò Ti Dá, Omi Ṣì Ń Bọ̀: Bí Omíyalé Ṣe Ń Dé Ajégúnlẹ̀

Ní Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, lẹ́yìn Mile 12 (kì í ṣe ti Àpápá), omi lè wọlé lọ́jọ́ tí òjò kò kán rárá. Ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, oòrùn á máa ràn, aṣọ á máa gbẹ lórí okùn, omi á sì rọra máa gun àtẹ̀gùn. Àwọn ará ilé á gbé bẹ́ẹ̀dì lé búlọ́ọ̀kù, wọ́n á gbé fíríìjì lé tábìlì, ọkọ̀ ojú omi á sì rọ́pò ọ̀kadà ládùúgbò. Ẹni tó bá ń wo ojú ọ̀run nìkan kò lè mọ ibi tí omi ọ̀hún ti ń bọ̀.

Odò Ògùn ló ń gbé e bọ̀. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú Ògùn, òun sì ni ìjọba àpapọ̀ sé lókè Abẹ́òkúta. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí dáàmù náà ní 1983. Omi tó lè gbà tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà, ibẹ̀ sì ni apá kan omi ẹ̀rọ Èkó àti Abẹ́òkúta ti ń wá. Wàhálà kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó ń wá omi mímu fẹ́ kí dáàmù kún dẹ́nu kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹni tó ń sá fún omíyalé fẹ́ kí àyè ṣì wà nínú rẹ̀ de òjò àrọ̀kúrò. Dáàmù kan ṣoṣo kò lè ṣe méjèèjì dé góńgó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú omi díẹ̀díẹ̀ nígbà òjò. Bí òjò bá wá rọ̀ kọjá bí wọ́n ṣe rò, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sí i, torí bí dáàmù bá ya pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ á kọjá omíyalé. Irú omi bẹ́ẹ̀ lé ọ̀pọ̀ èèyàn jáde nílé ní Ajégúnlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2010.

Omi yìí á gba Abẹ́òkúta kọjá, á gba abẹ́ afárá Kárà níbi tí wọ́n ti ń ta àgbò, á sì tàn kálẹ̀ sínú àbàtà Kétu, Agbóyì àti Ajégúnlẹ̀ kó tó bọ́ sínú ọ̀sà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, omi kì í yára lọ. Ọ̀sà alára, ẹnu kan ló fi ń wọ òkun, láàárín Victoria Island àti Tarkwa Bay. Bí òkun bá kún, ọ̀sà á ga, odò tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dúró dè é.

Ìyípadà ojú ọjọ́ ń dá kún un lókè àti nísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, omi tó lè gbé á fi bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i, èyí sì lè mú kí òjò ńlá túbọ̀ le sí i, ayé sì ti gbóná ju ìwọ̀n kan lọ sí ti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láti 1901 sí 2018, òkun ayé ga sókè ní bí sẹ̀ǹtímítà 20. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga búlọ́ọ̀kù kan tí wọ́n gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ta wá ló ni omi náà? Ìjọba àpapọ̀ ló ni dáàmù, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni odò gbà kọjá, Èkó ni ilé tó wọ̀ wà. Ní oṣù Kọkànlá 2021, Ààrẹ Buhari ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow pé tó bá fi máa di 2060, Nàìjíríà kò ní tú èéfín ju èyí tí wọ́n lè gbà padà lọ. Ó sì fọwọ́ sí òfin ìyípadà ojú ọjọ́ nínú oṣù yẹn kan náà. Kò burú. Àmọ́ ìlérí 2060 kò sọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn dáàmù fún ará Ajégúnlẹ̀.

Kàlẹ́ńdà tún dá kún un. Ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń dìbò: ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2019 ni ti gómìnà Èkó, ti 2023 bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù yẹn kan náà. Nígbà yẹn àbàtà ti gbẹ, àwọn tó sá lọ ti padà, olóṣèlú tó wá polongo á fi bàtà gbígbẹ rìn dójúlé. Ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀nà ni wọ́n máa bi í. Kí omi tó dé, ẹni tó wọlé ti jókòó sórí àga.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí náà ni ilẹ̀ ń tà. Oníbàárà tó wá wò ó ní oṣù Kejì á bá ilẹ̀ gbígbẹ, owó rẹ̀ kò sì wọ́n tó ti Òjòdú. Á ra iyanrìn típà mélòó kan, á dà á síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ga ju títì lọ. Omi tí ì bá dúró sórí ilẹ̀ yẹn á kọjá sílé aládùúgbò tó ti ń gbé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, òun náà á sì wá típà tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.