Ewé tó ń jẹ́rìí: kí ni wọ́n ń pè ní voucher specimen?

Bí àdá bá ṣá ènìyàn lóko, ewé kan wà tí wọ́n máa ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, Awólọ́wọ̀ ni àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí. (Ẹ má dá mi sí ọ̀rọ̀ òṣèlú o.) Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un pàápàá yí padà: Eupatorium odoratum ni tẹ́lẹ̀, ní 1970 ó di Chromolaena odorata.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá fi ewé yìí ṣe ìwádìí, báwo ni ẹni tó máa ka iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún ṣe máa mọ èyí tó lò gan-an? Voucher specimen ni ìdáhùn: ẹ̀ka kan tí akẹ́kọ̀ọ́ náà gé lára igi tó ti já ewé rẹ̀, tó sá gbẹ, tó sì fi pamọ́ sí herbarium, ìyẹn mùsíọ́mù ewé. Yunifásítì Ìbàdàn, ti Èkó àti ti Ifẹ̀ ní tiwọn.

Ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso ni kí ẹ gé, torí ewé nìkan máa ń tanni jẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ fi pákó méjì há a, ẹ dì í le, ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà títí yóò fi gbẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ herbarium á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà líle, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ẹ ti já a, ọjọ́, àti àwọ̀ òdòdó, torí àwọ̀ á ṣí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà tí ẹ máa kọ sínú iṣẹ́ yín: UIH ló ń ṣáájú ti Ìbàdàn, LUH ti Èkó.

Akẹ́kọ̀ọ́ jèrè ẹni tó bá a dá ewé rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, èrè mùsíọ́mù ló pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò lè dé gbogbo oko. Ọmọ Ṣakí á gbé ti Ṣakí wá, ọmọ Ìkàrẹ́ á gbé ti Ìkàrẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé Akíntọ́lá ti ṣẹ̀ wá. Irú pépà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìlú tó wà lára wọn, la fi ń tọpa bó ṣe ń gba ilẹ̀ kiri.

Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ra ewé lọ́wọ́ elewé ọmọ, tó sè é tán, tó kọ èsì, kó tó rántí nọ́ńbà. Ló bá sáré já òmíràn lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ewé tí kò dé ìdí iṣẹ́ náà rí ló wá ń jẹ́rìí sí i yẹn.